Aṣọ Àdúrà tí Màmá Fọ̀ Lọ́jọ́ Ìpàdé

Èmi ò fi ọ̀rọ̀ aṣọ funfun ṣeré rárá. Ẹni tó bá bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi nílùú òyìnbó yìí, màá ní ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, torí òun ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù, tí mo sì fẹ́ràn jù, ni kí n fọ aṣọ funfun kó mọ́ débi tí ojú á fi máa dun ẹni tó bá wò ó. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Gbọ̀ngàn kan ní Plumstead, tó jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀, la ti ń jọ́sìn, a kì í sì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Èmi ni mo ń fọ aṣọ pẹpẹ. Mo ń fọ ti wòlíì, mo ń fọ ti ọkọ mi, mo ń fọ ti ọmọ mi obìnrin. Bákónì ilé wa ní Thamesmead ni mo ń sá gbogbo ẹ̀ sí, torí ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ máa ń sọ aṣọ funfun di aláwọ̀ ẹ̀kọ ọ̀gì. Ẹ má bá mi jiyàn. Mo ti dán an wò.

Bákónì yẹn kọjú sódò. Tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó rí ọ̀pá èéfín gogoro kan lókèèrè, ní ìsàlẹ̀ odò. Ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ni, ọ̀kan lára àwọn ti àtijọ́ tó ń fi èédú ṣiná, ó sì ti dàgbà jù mí lọ. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ á wá gbé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀ka eérú ló wà. Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí: kí èéfín tó jáde lókè, wọ́n á kọ́kọ́ mú un gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ ńláńlá tí iná mànàmáná wà lára wọn. Irin yẹn á fa eérú mọ́ra, òòlù á wá máa lù ú kí eérú lè já sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó rí i pé eérú ò dí nísàlẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé tó bá ń sọ̀rọ̀ àwọn òòlù wọ̀nyẹn, ẹ ó rò pé ọmọ ìyá ẹ̀ ni wọ́n.

Àmọ́ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ìsàlẹ̀ odò wá, aṣọ mi gbọ́dọ̀ gbàbààwọ́n. Kì í pọ̀. Ẹyọ dúdú kan níbí, ẹyọ dúdú kan lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ nù ún pẹ́nrẹ́n, á fà gùn lára aṣọ. Inú á bí mi! Màá ká gbogbo ẹ̀ wọlé, ó di iwájú ọkọ mi níbi tó ti ń jẹun.

"Daddy, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni? Bọ́ọ̀sì nìyẹn. Ṣé o ò rí iye bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lábẹ́ ilé yìí ni?"

"Bọ́ọ̀sì ló wá ń yọ eérú?"

"Ìyàwó mi, jẹ́ n jẹun. A kì í tutọ́ síbi tá a ti ń jẹun."

Ẹ̀rín la máa ń fi parí ẹ̀, torí ọkùnrin yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń pa mí lẹ́rìn-ín. Á ní kí n lọ sá aṣọ wòlíì sínú fìríìjì, pé eérú ò lè débẹ̀. Èmi náà á ní kó máa gbé òòlù ẹ̀ wálé kó wá lu aṣọ fún mi. Bá a ṣe ń gbé nìyẹn, a ò níṣòro.

Ọmọ wa nìkan ló ń kó ìdààmú bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó ní ikọ́ kan tó jẹ́ pé tó bá ti mú un, àyà ẹ̀ á máa súfèé. Dókítà ti fún un ní ìnhélà búlúù tí wọ́n ń fà sẹ́nu, ó sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í sunkún. Á kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á gbé èjìká méjèèjì sókè, á máa wá èémí bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni mò ń ṣe, mo ti jókòó ti ẹni tí èémí ń wọ́n, mo mọ ibi tọ́rọ̀ lè já sí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ìgbà tó yá ni mo wá ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí mo bá ká aṣọ alábààwọ́n wọlé gan-an lọmọ ń lo ìnhélà. Mo kọ́kọ́ ní ọkàn mi ló ń tàn mí. Ó tún ṣẹlẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀. Tí aṣọ bá mọ́, ọmọ á sùn. Tí aṣọ bá dọ̀tí, ọmọ á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn, torí kí ni màá sọ? Pé oúnjẹ tí ọkọ mi ń gbé wálé ló ń fún ọmọ ẹ̀ lọ́rùn?

Ibi tí mo ti ń rò ó ni lẹ́tà kan ti já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo wa. Ilé-iṣẹ́ iná ń tọrọ àyè láti máa jó èédú lọ fọ́dún mélòó kan sí i. Káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ti wá pe ìpàdé, lọ́jọ́ Sátidé kan, nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí ilé ìtajà ńlá Thamesmead, kí ará àdúgbò wá sọ tẹnu wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí wọ́n fún wọn láyè náà bẹ́ẹ̀, àbí kí wọ́n ní dandan ni kí ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ra asẹ́ tuntun, èyí tó lè gba eérú tí àwọn irin àtijọ́ ò gbà mọ́.

Ọkọ mi ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. "Tí ariwo bá pọ̀ jù, wọ́n ò ní ra asẹ́ kankan o. Ilẹ̀kùn ni wọ́n máa tì. Èmi náà á wá jókòó tì ẹ́ ní bákónì, a jọ máa sáṣọ."

Mi ò fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Asẹ́ ni mo fẹ́. Kí ọkọ mi níṣẹ́, kọ́mọ mi rí èémí mí. Ṣé ìyẹn wá pọ̀ jù lójú Ọlọ́run àti èèyàn?

Ẹ̀rí ni mo wá ń wá. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí, tẹ́ ẹ bá sọ pé orí ń fọ́ yín, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú orí wá. Ọmọ ní aṣọ àdúrà kan tó ti kéré sí i lára. Oṣù mẹ́ta ló kù kí ìpàdé tó pé nígbà náà. Mo gbé aṣọ náà kọ́ sí igun bákónì, lábẹ́ òrùlé níbi tí òjò ò dé, mo fi í sílẹ̀. Mi ò fọ̀ ọ́, mi ò gbọ̀n ọ́n, mi ò fọwọ́ kàn án. Kò rọrùn fún mi o! Gbogbo ìgbà tí mo bá ń sáṣọ, ọwọ́ á máa yún mi. Tí ará ìjọ bá wá kí wa, màá tètè fa kọ́tìnì. Èjìká ẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà, ó di aláwọ̀ eérú, ọrùn ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó kù díẹ̀ kí ìpàdé dé ni gbogbo ẹ̀ ti ṣú, àyàfi inú abíyá tó funfun síbẹ̀, tó ń jẹ́ kéèyàn mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ń kọjá lára ẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá jáde lọ wo ojú ọjọ́. Á wò ó, á wọlé padà.

Ẹni tí kò rí i ni Màmá. Ìyá ọkọ mi ni, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, òun ló ń dúró de ọmọ tó bá ti iléèwé dé. Màmá kì í yọjú sí bákónì látìgbà òtútù títí dìgbà ooru. Obìnrin tí mò ń sọ yìí, ìyá ìjọ ni láti ìgbà èwe ẹ̀, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi búlúù àti sítáṣì sí aṣọ funfun. Títí dòní tí mo bá ra búlúù lọ́jà Beresford Square, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, á ní ayédèrú ni.

Sátidé ìpàdé pé. Mo níṣẹ́ àárọ̀ lọ́dọ̀ bàbá kan ní Woolwich. Kí n tó jáde, mo rọra ká aṣọ yẹn kúrò lórí okùn, mo ṣẹ́ ẹ sínú ọ̀rá kan, mo gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo wẹ bàbá, mo fún un lóúnjẹ, mo bá a wá awò ojú ẹ̀ tó jókòó lé lórí. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa fi gbé mi délé, aago ti lọ. Mi ò tiẹ̀ jókòó. Mo na ọwọ́ mú ọ̀rá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo kígbe pé mo ti ń lọ, Màmá dáhùn láti inú yàrá pé kí Ọlọ́run ṣe é ní rere. Ọ̀rá yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rò pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ló ta sí i.

Èrò pọ̀ ní gbọ̀ngàn. Obìnrin káńsù kan ló ń darí ìpàdé. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ iná jókòó níwájú pẹ̀lú ìwé. Lápá ọ̀tún, àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n wá ti àwọn lẹ́yìn jókòó ní ìlà kan, gbogbo wọn wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, ọkọ mi sì wà láàárín wọn. Ó rí mi, ó wo ilẹ̀. Àwọn kan sọ̀rọ̀ iṣẹ́, àwọn kan sọ̀rọ̀ èéfín. Ọ̀gá kan wá dìde, ó ní àwọn ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì fi nǹkan kan han àwọn pé eérú ń dé Thamesmead. Mo ní, "Ẹ dákun, èmi ní."

Mo dìde. Gẹ̀ẹ́sì mi ò já mi kulẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe ń sáṣọ, mo sọ ti ọmọ mi àti ìnhélà ẹ̀. Mo ní aṣọ ọmọ náà rèé, oṣù mẹ́ta ló lò níta láìfọ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Mo kó ọwọ́ sínú ọ̀rá. Mo fà á jáde.

Yéè! Aṣọ funfun báláú! Ó funfun débi pé iná gbọ̀ngàn ń ta padà lára ẹ̀. Wọ́n ti fi sítáṣì sí i, kọ́là dúró gan-an, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Káńfọ̀ kan já bọ́ láàárín ẹ̀, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ tábìlì àwọn ọ̀gá.

Gbọ̀ngàn dà rú. Ẹ̀rín! Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọ̀gá yẹn rọra ní, "Madam, inú wa dùn pé aṣọ yín mọ́ tó báyìí."

Mo mọ ẹni tó ṣe é lójú ẹsẹ̀. Màmá ti jí, ó ti rí ọ̀rá, ó ti yọjú wo inú ẹ̀. Ṣé ìyá yìí máa jẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun gbé aṣọ àdúrà tó dọ̀tí lọ síwájú àwọn òyìnbó? Kí wọ́n wá máa ní ọ̀bùn ni wá? Ó ti fọ̀ ọ́ lómi mẹ́ta, ó ti sá a sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ó ti fi áyọ́ọ̀nù parí ẹ̀. Kò sì sọ fún mi torí pé ṣe ló fẹ́ bò mí láṣìírí. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, mo ní ìyá ọkọ mi ló fọ̀ ọ́, ẹ̀rín wá di ìlọ́po méjì. Omijé ti dé ojú mi. Mo ń ro ti ọmọ mi létí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ro pé mo ti fi ọwọ́ ara mi sọ èémí ẹ̀ di yẹ̀yẹ́.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró àga. Ọkọ mi ti dìde. Ẹni tó jókòó tì í fà á ní jákẹ́ẹ̀tì, ó já a gbà.

"Ìyàwó mi nìyẹn," ó ní. "Ìyá mi ló fọ aṣọ yẹn. Mo rí aṣọ náà láàná, ó dúdú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wò ó bó ṣe ń dúdú lọ."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀ka eérú ni mò ń ṣiṣẹ́. Irin wa ti gbó. Ọjọ́ tí apá kan bá kú lára wọn, a máa ń mọ̀, ojú wa ni eérú ṣe ń jáde. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí mo bá rí i pé afẹ́fẹ́ kọjú sí ibí, màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá pe ìyá mi lórí fóònù, pé kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé kí ọmọ mi tó ti iléèwé dé." Ó wo gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀. "Èmi ń pe ìyá mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń bá yín pe ìyá yín?"

Obìnrin káńsù ń kọ̀wé. Èmi dúró pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá ọkọ mi mọ́ra ni tàbí kí n gbá a létí.

A ò dé ibùdó bọ́ọ̀sì kí n tó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ wá ń bá mi sọ pé bọ́ọ̀sì ni!"

"Mo mọ̀."

"Àwọn àgbà ní tí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tá ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ta ni ò sùn lóru nínú ilé yẹn? Ṣé èmi kọ́ ni?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Tó o bá sì ti sọ ọ́, mo máa fi í sílẹ̀. Mi ò mọ iṣẹ́ míì nílùú yìí. Ojú ń tì mí." Ọdún mẹ́tàlá tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́ ọ kó sọ pé ojú ń ti òun rí. Ìbínú mi ò lè dúró mọ́. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ mú nínú bọ́ọ̀sì títí a fi sọ̀.

Màmá ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín ń bẹ lójú ẹ̀. "Ṣé wọ́n rí bó ṣe funfun?"

"Wọ́n rí i, Màmá," mo ní. "Gbogbo wọn ló rí i."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀ lé e ò dùn. Àwọn kan nínú ọkọ̀ iṣẹ́ ò dá ọkọ mi lóhùn tó bá kí wọn láàárọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń retí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé, èmi náà ń gbààwẹ̀. Ìgbà tí ìdáhùn máa dé, àyè ni wọ́n fún wọn, pẹ̀lú dandan pé kí asẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n rà á. Àpò aṣọ gígùn ni, ó pọ̀ lọ jàra, wọ́n ń fi wọ́n kọ́ sínú ilé irin ńlá kan kí èéfín lè gba ara wọn kọjá. Ta ni wọ́n fi sídìí ẹ̀? Ọkọ mi! Ó délé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Ìyàwó mi, èmi náà ti di ẹni tó ń fi aṣọ kọ́ o."

Wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ yẹn báyìí, èédú ti kúrò ńlẹ̀ ní gbogbo ìlú yìí, iṣẹ́ míì lọkọ mi ń ṣe, ara ẹ̀ sì yá. Mo ṣì ń sáṣọ. Ara ń tù mí. Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ sọ kí n tó dákẹ́.

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi asẹ́ sí i ni. A ń ti ìsìn Plumstead bọ̀, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ odò ń fẹ́ gan-an, irú èyí tá a mọ̀ dáadáa. A dé abẹ́ ilé, lífítì ti bàjẹ́. Àjà keje la wà. Kí n tó lanu pé kọ́mọ rọra, ó ti sáré gun àtẹ̀gùn lọ. Àwa méjèèjì ń tẹ̀ lé e, à ń mí gúlegúle. Ní àjà kẹrin, ọkọ mi dúró, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi.

"Dákẹ́. Jẹ́ n gbọ́."

À ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó dé àjà karùn-ún. Ó dé ìkẹfà. Ó dé òkè, ìró ẹsẹ̀ dúró, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo mọ ohun tí à ń retí. Ọkọ mi di irin àtẹ̀gùn mú, ojú ẹ̀ ń wo òkè.

"Daddy, hurry up! Mo ti dé, kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn tòun ti ṣòkòtò ìsìn, ó fọwọ́ bojú, ó ń sunkún. Mo jókòó tì í.

"O gbọ́?" ó ní. "Kò wúkọ́."

"Mo gbọ́."

A ò lè dìde. Ọmọ náà ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa.